Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Iléeṣẹ́ Ìmọ́tótó fún Kílíníìkì Láìfi Ẹ̀mí Aláìsàn Ta Tẹ́tẹ́

Ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ kílíníìkì ti ń kùnà. Wọ́n á pe iléeṣẹ́ ìmọ́tótó mẹ́ta, wọ́n á béèrè iye tí wọ́n máa gbà, wọ́n á sì mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ń dán gbinrin, yàrá ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ abẹ́ ọwọ́ àga tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì nu aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá aláìsàn láti wọn ìfúnpá.

Kòkòrò àrùn kì í fojú hàn, òórùn dídùn kì í sì í pa á. Àkókò lẹ ń fi owó rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìmọ́tótó: ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ wọn máa lò nínú yàrá kan, àti ìṣẹ́jú tí oògùn apakòkòrò máa fi wà lórí nǹkan ní tútù kó tó gbẹ. Àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí dá lórí bí ẹ ṣe máa rí ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn gbà, tí ẹ ó sì lè fojú ara yín rí i pé ẹ gbà á.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

- Àwòrán ilé yín, kódà bó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi yà á, pẹ̀lú gígùn àti fífẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan.
- Iye aláìsàn tí ẹ ń rí lójúmọ́, àti wákàtí tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn àti èyí tí ẹ ń tì í.
- Òfin ìlera ibi tí ẹ wà lórí ìdọ̀tí ilé ìwòsàn: àwọ̀ àpò, ẹni tó lè gbé e, ibi tó ń lọ.
- Ìwé tó bá ẹ̀rọ àti bẹ́ẹ̀dì yín wá, pàápàá ojú ewé tó sọ oògùn tí wọ́n lè fi nù ún. Bílíìṣì máa ń mú kí awọ bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò sán, awọ tó bá sì ti sán kò ṣeé nù mọ́.
- Aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, tọ́ọ̀ṣì UV kékeré kan (iná aláwọ̀ elésè-àlùkò), àti gẹ́ẹ̀lì tí ojú kì í rí àfi bí iná UV bá tàn sí i.
- Ẹni kan ṣoṣo nínú òṣìṣẹ́ yín tí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó máa wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló dára jù. Bí gbogbo ènìyàn bá ni iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń ba èyí tó kù jẹ́. Ẹ dúró láàárín yàrá abẹ́rẹ́ yín, kí ẹ máa tọ́ka sí nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà yípo: ọwọ́ ilẹ̀kùn, súwíìsì iná, àga dókítà àti irin tí wọ́n ń fà láti gbé e sókè, bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ìwọnfúnpá, opó omi tí wọ́n ń so omi tó ń wọ ara aláìsàn kọ́, tábìlì irin àti àwọn táyà rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ omi, abẹ́ ike ọṣẹ tó wà lára ògiri, àpótí ìbọ̀wọ́, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́ta: ta ló ń nù ún, ìgbà mélòó, kí ló fi ń nù ún.

Ẹ ó rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí nọ́ọ̀sì rò pé iṣẹ́ agbálẹ̀ ni, tí agbálẹ̀ sì rò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Opó omi àti ẹ̀rọ ìwọnfúnpá ló sábà máa ń bọ́ sí àárín bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an sì ni ọwọ́ aláìsàn kan ń tẹ̀lé òmíràn dé.

Bí a ṣe máa ń pín in nìyí: ohun tó nílò nínù láàárín aláìsàn kan sí èkejì, òṣìṣẹ́ yín ló ni ín. Èyí tó jẹ́ ti òpin ọjọ́, iléeṣẹ́ ìmọ́tótó ló ni ín. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù àti ojú ihò ẹ̀rọ amúlétutù lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kọ́tìnì tó ń pín bẹ́ẹ̀dì níyà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, àti lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì bá ta sí i.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má kọ “ẹ tún gbogbo yàrá ṣe dáadáa” sínú ìwé yìí. Kò sí ẹni tí ẹ lè fi gbólóhùn yẹn mú.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pé?* Ẹ pe òṣìṣẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń nu opó omi. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, ìwé náà kò tíì pé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó béèrè owó

Ẹ mú iléeṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń tún ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ṣe lè mọṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn kọ́ nìyí. Ẹ gba ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ wọn:

Ìwé adójútòfò, èyí tó bo ohun tí wọ́n bá bà jẹ́ àti òṣìṣẹ́ wọn tó bá fara pa. Ẹ má wo ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìkan. Ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò náà fúnra yín, kí ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń san owó oṣù àkọ́kọ́, wọ́n á gba ìwé, wọ́n á sì dákẹ́.

Àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí wọ́n máa rán sí yín, ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn àti ohun tí wọ́n kọ́: bí a ṣe ń palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́, bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ àti bí a ṣe ń bọ́ ọ, ohun tí a ń ṣe bí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn. Ìwé ẹ̀rí ọ̀gá iléeṣẹ́ kò lè tún yàrá ṣe.

Ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn. Kòkòrò àrùn yìí lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ 7, ó sì lè ran ẹni tí kò gba àjẹsára bó bá gba ojú ọgbẹ́ wọ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gún àgbàlagbà: lónìí, lẹ́yìn oṣù 1, àti ní oṣù 6. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó bá sọ pé àwọn máa gún òṣìṣẹ́ àwọn “bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀” ń sọ pé ó máa tó ìdajì ọdún kí ààbò wọn tó pé. Ìtọ́jú agbálẹ̀ yìí wà lọ́rùn ẹ̀yin náà, nítorí ìdọ̀tí tiyín ló ń gbé.

Orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n ń lò, pẹ̀lú ìwé ààbò tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá àwọn gan-an ló gba òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́ tàbí wọ́n máa gbé iṣẹ́ yín fún ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ bá gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, owó tó máa dé ọwọ́ ẹni tó mú mọ́ọ̀pù kò ní tó nǹkan, àkókò tó máa lò náà kò sì ní tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú wọn yí ilé ká, kí ẹ sì máa gbọ́ ìbéèrè wọn

Ẹ má gba iye owó lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, kí ẹ mú wọn wọ gbogbo yàrá, kí ẹ sì má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa béèrè iye aláìsàn tó ń wọlé, ibi tí omi mọ́ọ̀pù máa dà sí, ibi tí oògùn máa wà ní títì pa, ẹni tó ń gbé àpótí abẹ́rẹ́, yàrá tí òṣìṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa wo ilẹ̀, á wo gíláàsì fèrèsé, á sì ti dárúkọ owó kó tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ìbéèrè ibi tí omi mọ́ọ̀pù ń dà sí yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ. Omi ìdọ̀tí tí wọ́n bá dà sínú básíà tí nọ́ọ̀sì ti ń fọwọ́ máa ń fi kòkòrò àrùn sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ tó wá mọ́ sì máa ru ú lọ bá aláìsàn. Bí ẹ kò bá ní ibi ọ̀tọ̀ fún un, ẹ wá a kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún yàrá kan ṣe lójú yín

Ẹ ní kí iléeṣẹ́ méjì tó kù lẹ́yìn ìyọkúrò rán ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an wá, kì í ṣe ọ̀gá. Ẹ fún un ní yàrá àyẹ̀wò kan lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tẹ aago, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ ó máa wò nìyí.

*Ètò rẹ̀.* Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kó tó wọ ìbọ̀wọ́. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni, láti ibi tó mọ́ lọ síbi tó dọ̀tí, ilẹ̀ ló kẹ́yìn. Bó bá kọ́kọ́ nulẹ̀, eruku òkè máa tún bà á jẹ́.

*Aṣọ ìnuǹkan rẹ̀.* Tó bá ká aṣọ náà sí méjì, tó tún ká a sí méjì, ó ní ojú 8 tó mọ́. Bí ojú kan bá dọ̀tí, ó yí i sí òmíràn. Bí mẹ́jọ bá tán, ó ju aṣọ náà sínú àpò ìfọṣọ, ó sì mú tuntun. Kò gbọ́dọ̀ ti aṣọ tó ti lò bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì oògùn padà. Ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti di ọbẹ̀ kòkòrò, gbogbo ohun tó bá fi nù lẹ́yìn náà ló ń pín in fún. Aṣọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lo pupa fún un. Àwọ̀ yòówù kó jẹ́, kó má yí padà, kó sì jẹ́ bákan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

*Ọṣẹ ṣáájú oògùn.* Ìdọ̀tí àti ẹ̀jẹ̀ máa ń gba agbára bílíìṣì. Ibi tó bá dọ̀tí, kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ nù ún, kó tó wá lo apakòkòrò.

*Àkókò tútù.* Ẹ bi í léèrè iye ìṣẹ́jú tí oògùn ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tutù lórí nǹkan. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ìgò. Ti àwọn kan jẹ́ ìṣẹ́jú 1, ti àwọn mìíràn tó 10. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bẹ́ẹ̀dì tó nù, kí ẹ wo aago. Bí ìgò bá sọ 10, tí bẹ́ẹ̀dì sì gbẹ ní ìṣẹ́jú 2, kò dájú pé ó ti pa ohun tí ìgò náà ṣèlérí láti pa. Kó fi oògùn sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí iléeṣẹ́ mú oògùn tí àkókò rẹ̀ kúrú. Ibí yìí ni àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀ ti ń pínyà, kí ẹ má ṣe tijú láti dúró lórí rẹ̀.

*Irú oògùn.* Àwọn apakòkòrò ìran quaternary ammonium, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní quat, máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ òwú, débi pé èyí tó máa dé orí tábìlì kò ní lágbára tó. Ẹ béèrè bóyá aṣọ wọn bá oògùn wọn mu. Sípírítì máa ń gbẹ kíákíá, kò sì dára fún ibi tó fẹ̀. Bí ẹ bá ní aláìsàn tó ní C. difficile tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, sípírítì àti quat kò ran èèpo líle tó fi ń bo ara rẹ̀. Bílíìṣì tàbí oògùn mìíràn tí ìgò rẹ̀ sọ pé ó ń pa á lẹ gbọ́dọ̀ lò.

*Bílíìṣì pípò.* Ẹ ní kó po ọ̀kan lójú yín. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi agbára tí ẹ fẹ́ pín agbára tó wà nínú ìgò, kí ẹ yọ 1 kúrò, ohun tó kù ni iye ìwọ̀n omi tó máa bá ìwọ̀n bílíìṣì 1. Bí ìgò bá jẹ́ 5%, tí ẹ sì fẹ́ 0.5% fún ẹ̀jẹ̀, 5 pín sí 0.5 jẹ́ 10. Yọ 1, ó ku 9. Ìwọ̀n bílíìṣì 1, omi 9: mìlílítà 100 sínú mìlílítà omi 900. Fún 0.1% tí a ń lò lójoojúmọ́, omi 49 ló máa bá 1: bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 gba mìlílítà bílíìṣì 200, kí omi dí èyí tó kù. Bó bá kàn da bílíìṣì sínú omi láìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí tí wọ́n bá pò kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ, kó sì wà nínú ike tí oòrùn kò lè wọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lára rẹ̀.

*Ìkìlọ̀:* Bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ pàdé oògùn tó ní ásíìdì (bí èyí tí wọ́n fi ń yọ ìpẹtà inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀) tàbí ammonia. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀. Fún ìdí kan náà, wọn kò gbọ́dọ̀ da bílíìṣì sórí ìtọ̀ tó pọ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìtọ̀ náà kúrò.

Ní ìparí, ẹ da ìwọ̀n ife kékeré kan omi tí ẹ fi àwọ̀ pupa sí sílẹ̀, kí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ohun tí ẹ fẹ́ rí: ó dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, épúrọ́ọ̀nù àti ohun tó bo ojú, ó yẹ ibẹ̀ wò bóyá abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ó fi bébà tó ń fa omi bò ó, ó sì kó o sínú àpò ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, ó fọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó fi bílíìṣì 0.5% sí i fún ìṣẹ́jú 10. Ó nù ún. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́. Bó bá jẹ́ mọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ gbé, iléeṣẹ́ náà kò tíì tó lò.

Abẹ́rẹ́ tó bá wà nílẹ̀, irin ìmúǹkan ni wọ́n fi ń mú un, kì í ṣe ìka, ìbọ̀wọ́ ì báà wà níbẹ̀.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?* Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó lò sílẹ̀. Ẹ nílò rẹ̀ báyìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ìṣẹ́jú wọn owó

Ẹ gbà pé àwọn iye wọ̀nyí lẹ rí. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Yàrá àyẹ̀wò 6, ìṣẹ́jú 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 72. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 2, ìṣẹ́jú 15: 30. Yàrá abẹ́rẹ́: 20. Ibi tí aláìsàn ń dúró sí: 25. Tábìlì ìgbàlejò àti ọ́fíìsì: 15. Ọ̀nà àárín ilé: 18. Kíkó ìdọ̀tí, fífi bébà àti ọṣẹ sí àyè wọn, àti fífọ irinṣẹ́: 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 200, ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20.

Bí iléeṣẹ́ kan bá ní ẹnì kan máa ṣe é ní wákàtí kan ààbọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ó lé ní ìdajì iṣẹ́ yín tí kò ní ṣe. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ìṣẹ́jú 200 yẹn jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 87. Ẹ fi owó wákàtí kan òṣìṣẹ́ ibi tí ẹ wà ṣe ìlọ́po 87. Bí iye tí iléeṣẹ́ ń béèrè kò bá tó èyí, ká má tíì sọ ti oògùn, ìbọ̀wọ́, alábòójútó àti èrè, ibì kan wà tí wọ́n máa jí àkókò gbé. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye wákàtí àti iye òṣìṣẹ́ sínú ìwé owó wọn. Èyí tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bá àwọn tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀

Ẹ béèrè kílíníìkì tí wọ́n ti ń tún ṣe fún ó lé ní ọdún kan. Ìbéèrè “ṣé wọ́n dáa?” kò mú nǹkan jáde. Ẹ béèrè iye ìgbà tí agbálẹ̀ ti yí padà lọ́dún, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ tí agbálẹ̀ ṣàìsàn, àti ìgbà tí alábòójútó wá wo iṣẹ́ kẹ́yìn. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí aláìsàn tó dé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé àdéhùn

Ìwé iṣẹ́ tí ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 1 gbọ́dọ̀ so mọ́ àdéhùn yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

1. Oṣù 3 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò, ẹ sì lè fòpin sí i láìsan owó ìtanràn bí ẹ bá ti sọ fún wọn ní ọjọ́ 30 ṣáájú.
2. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, tàbí yí oògùn padà, láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín.
3. Agbálẹ̀ tuntun kò ní dá wọlé títí tí ẹni tó mọ ilé yín fi máa fi ọ̀nà hàn án.
4. Bí abẹ́rẹ́ bá gún òṣìṣẹ́ wọn: kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìfún ẹ̀jẹ̀ jáde, kó pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí, kó sì rí dókítà ní wákàtí yẹn gan-an. Oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò mọ́ bó bá ti kọjá wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó.
5. Òṣìṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ ka ìwé aláìsàn, ya fọ́tò, tàbí mú ẹlòmíràn wọlé. Kí olúkúlùkù wọn fọwọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀.
6. Ta ló ń ra oògùn, ìbọ̀wọ́, bébà àti àpò. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ìjà oṣù kejì nìyẹn.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ wo ibi tí àdéhùn ti sọ pé ó máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun fún ọdún kan sí i bí ẹ kò bá kọ̀wé. Ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà báyìí.

Kí ẹ̀yin náà ṣe tiyín: àpótí abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kún kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí ẹ tó dí i pa, ìwé aláìsàn kò sì gbọ́dọ̀ sùn sórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ 30 àkọ́kọ́

Kí agbálẹ̀ tó dé nírọ̀lẹ́, ẹ fi gẹ́ẹ̀lì UV tọ́ ibi 15 tí ọwọ́ ń kàn jù: súwíìsì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ àga, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ láti fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ tọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV sí wọn. Èyí tó bá ṣì ń tàn, kò sẹ́ni tó nù ún. Ẹ má lọ tọ́ ọ sí kọ̀rọ̀ láti fi mú ènìyàn. Ibi tí ọwọ́ aláìsàn ń dé ni kí ẹ wò. Ẹ fi èsì náà han agbálẹ̀ gan-an pẹ̀lú sùúrù, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ibẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ibi mìíràn.

Gẹ́ẹ̀lì ń sọ pé wọ́n nu ibẹ̀, kò sọ pé oògùn lágbára. Fún ìyẹn, ẹ ra bébà tó ń wọn klóríìnì (èròjà inú bílíìṣì), kí ẹ tì í bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n 0.1% máa fi nǹkan bíi 1000 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan) hàn, 0.5% máa fi 5000 hàn. Bí bébà yín kò bá kà tó bẹ́ẹ̀, ẹ po ìwọ̀n 1 oògùn náà mọ́ ìwọ̀n 9 omi, kí ẹ sì ṣe ìlọ́po 10 ohun tí bébà bá sọ.

Bí ibì kan náà bá ń tàn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn tí ẹ ti fi hàn wọ́n, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́, ẹ so èsì mọ́ ọn, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ 7. Bí kò bá yí padà, ẹ lo ìlà ọjọ́ 30 inú àdéhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìfọwọ́sí, kí ẹ yí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ilẹ̀kùn padà kí ilẹ̀ tó ṣú.